Òjò Kétu àti Òjò Lọ́ńdọ̀nù



Ọ̀rọ̀ òjò ni a mú wá lónìí. Nínú Kétu àti Lọ́ńdọ̀nù, ibo ni òjò ti ń pọ̀ jù? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́.

Òjò tí ń rọ̀ ní Kétu lọ́dún tó nǹkan bí 1,000 mílímítà. Bí a bá gbà á sínú àgbá gbọọrọ kan, tí kò jò, tí oòrùn kò sì fà á, yóò mu àgbàlagbà dé ìbàdí. Ti Lọ́ńdọ̀nù kò ju nǹkan bí 600 lọ. Yóò kọjá orúnkún díẹ̀.

Kí ló dé tí ilẹ̀ tiwọn fi ń tutù, tí omi sì ń wọ́n wa? Erékùṣù ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òkun yí i ká. Afẹ́fẹ́ òkun ń gbé òjò wá díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo oṣù, oòrùn wọn kò sì le.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ni afẹ́fẹ́ òkun ń mú òjò wá, títí dé oṣù keje. Ní oṣù kẹjọ, òjò á dáwọ́ dúró díẹ̀. Á tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ á dé láti àríwá. Ọyẹ́ nìyẹn. Á gbẹ ohun gbogbo. Omi abẹ́ ilẹ̀ wa sì jìn, kànga gbígbẹ́ kì í ṣe eré.

Nítorí náà, òjò wa kò kéré. Kì í dúró dè wá ni. Ohun méjì ni kí a ṣe.

Èkíní, ẹ gba omi òrùlé. Bí òrùlé páànù bá bo ilẹ̀ mítà 6 sí mítà 5, òjò 10 mílímítà lè fún yín ní nǹkan bí lítà 300. Kẹ́ẹ̀gì lítà 20 mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ òrùlé ná, kí ẹ tó gbé àmù sí i. Ẹ bò ó, kí ẹ̀fọn má baà yé ẹyin sínú rẹ̀.

Èkejì, ẹ kọ òjò sílẹ̀. Àkọ́rọ̀ òjò a máa tan àgbẹ̀. A ó gbin àgbàdo, òjò á lọ, irúgbìn á kú, owó á sì tún jáde. Ẹ kọ ọjọ́ tí òjò rọ̀, bóyá ó pọ̀ tàbí ó kéré, àti ọjọ́ tí ẹ gbìn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìwé yín yóò fi èyí tí ó ń tanni hàn yín. Ọkàn a máa gbàgbé. Ìwé kì í gbàgbé.

Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí òjò tí ń bọ̀.