Kọ́kọ́rọ́ Mẹ́ta, Ìlà Márùn-ún

Ẹni tó bá ṣí ìwé orin tí wọ́n fi nóòtì kọ yóò rí ìlà márùn-ún tó nà gbọọrọ. Lápá òsì, níbi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀, àmì kan wà tó ká mọ́ra bí ìkarahun ìgbín. Níwájú ìlà márùn-ún mìíràn nísàlẹ̀ rẹ̀, òmíràn jọ etí ènìyàn, tóótòó méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ béèrè pé: ṣé ọ̀kan kò tó ni?

Ìlà márùn-ún kì í dá ohùn sọ. Nóòtì tó wà lórí ìlà kejì lè jẹ́ ohùn òkè, ó lè jẹ́ ti ìsàlẹ̀, àfi tí àmì iwájú bá là á. Clé ni àwọn Faransé ń pe àmì náà, ìyẹn kọ́kọ́rọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 1026 ni Guido, mọ́ńkì ará Arezzo ní Ítálì, kọ ìwé rẹ̀ lórí orin. Láyé ìgbà náà, inú orí ni akọrin ń kó orin sí, ọdún gbọọrọ ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ. Guido fa ìlà, ó kun ti F ní pupa, ó kun ti C ní àwọ̀ ìyeyè, ó sì kọ lẹ́tà síwájú wọn. Àwọn akọ̀wé tó dé lẹ́yìn ń ṣe lẹ́tà náà lọ́ṣọ̀ọ́ títí ó fi yí padà: G ni ìkarahun ìgbín yẹn, F sì ni etí. Guido yìí náà ló kọ́ àwọn akọrin ní ut, re, mi, tí ut wá di do. Ọmọ Yorùbá tó ń fi dò, re, mí kọ́ àmì ohùn ní kíláàsì ń jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ohun tó mú kí kọ́kọ́rọ́ pọ̀ ni pé ohùn kò dọ́gba. Ẹ wo viola, tó tóbi díẹ̀ ju violin lọ. C ni okùn rẹ̀ tó wálẹ̀ jù. Bí wọ́n bá fi kọ́kọ́rọ́ G kọ ọ́, nóòtì náà yóò já bọ́ sábẹ́ ìlà márààrún, ìlà kúkúrú mẹ́rin ni wọn yóò sì fà sórí rẹ̀ kí ojú tó lè kà á. Bí wọ́n bá fi kọ́kọ́rọ́ F kọ okùn A rẹ̀ tó ga jù, yóò gun orí ìlà kúkúrú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kẹta, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ C, tó fi C àárín dùùrù sórí ìlà kẹta gan-an, kó ọ̀pọ̀ ohùn viola sáàárín ìlà. Okùn C yẹn wá ku ìlà kúkúrú kan ṣoṣo.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí wọ́n pa kọ́kọ́rọ́ C rẹ́ kò ro ti ẹni tó ń ta viola. Kọ́kọ́rọ́ yìí a máa ṣí kiri: orí ìlà kẹrin ló ń wà fún cello àti trombone bí ohùn wọn bá gòkè.

Akọrin ìjọ tó ń fi sol-fa kọrin kò nílò kọ́kọ́rọ́ kankan, torí do ń bá orin ṣí. Ṣùgbọ́n nínú African Suite tí Fela Sowande kọ ní 1944 fún àwọn ohun èlò olókùn, G ni violin ń kà, C ni viola, F ni cello, gbogbo wọn lójú ìwé kan náà.