Kí Á Tó Bínú, Kí Á Dúró Síbi Tí Ẹnìkejì Dúró Sí

N kò ní pẹ́. Mo mọ̀ pé ìrẹsì ti ń tutù.

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá: ọmọdé tó bá ṣi òsì mú fún ọ̀tún, ṣé olódo ni? Tíṣà kọjú sí kíláàsì, ó ní, "Ẹ na ọwọ́ ọ̀tún," òun náà na tirẹ̀. Ọmọ wo tíṣà, ó na ọwọ́ tó wà ní ọ̀kánkán èyí tí tíṣà nà. Òsì ni! Ẹgba dé.

Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ ńlá la gbé fún ọmọ yẹn. Ní 2010, Klaus Kessler àti Lindsey Thomson tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi àwòrán ẹnì kan tó jókòó nídìí tábìlì róbótó han àwọn ènìyàn, wọ́n ní kí wọ́n sọ ohun tó wà ní ọ̀tún tàbí òsì ẹni náà. Bí ibi tó jókòó sí bá ṣe jìnnà sí tiwọn tó, bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn ń pẹ́ tó. Bí ara ẹni tó ń dáhùn bá ti kọ́kọ́ yí sí ìhà tí yóò yí sí láti dé ibẹ̀, ìdáhùn a yá. Bó bá yí sí òdì kejì, a pẹ́. Àṣé nínú ọkàn, ara wa ló ń yí tábìlì po, tó ń lọ jókòó síbi ẹnìkejì!

Ọmọ kékeré kò tíì mọ ìrìn yẹn dáadáa. Jean Piaget àti Bärbel Inhelder gbé òkè mẹ́ta kalẹ̀ fún àwọn ọmọdé, wọ́n bi wọ́n ní ohun tí ẹni tó wà lódì kejì ń rí. Àwọn ọmọ ọdún 4 sábà máa ń mú ohun tí àwọn fúnra wọn ń rí. Oríkunkun kọ́ o.

Nítorí náà, ẹ̀yin tíṣà, ẹ kọ ẹ̀yìn sí wọn kí ẹ tó na ọwọ́. Ọ̀tún yín á wá bá tiwọn mu. Ẹ fi ẹgba sílẹ̀.

Àwa àgbà ńkọ́? Àwọn baba wa ní ẹni tó bá fẹ́ fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ara ni wọ́n wí, wọn ò pe ẹnu. Ṣùgbọ́n ká dé ibi tí ẹnìkejì jókòó sí kò ní ká mọ ohun tó ń dùn ún. Bí a bá débẹ̀ tán, ẹ jẹ́ ká bi í.