Ẹ̀dọ̀ Ọmọdé

 Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ ọmọdé ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ti dúró ti alápatà rí, ẹ ó ti rí i bí ó ti máa ń rọra yọ àpò kékeré kan kúrò lára ẹ̀dọ̀ màlúù. Òróòro ni ó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá fọ́, ẹran a korò. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe òróòro, òróòro a sì gba ojú ọ̀nà tín-ín-rín wọ inú ìfun, kí ọ̀rá inú oúnjẹ lè dà. Òun ni ó ń fún ìgbẹ́ ní àwọ̀.

Àwọn ọmọ kan wà tí ojú ọ̀nà yìí ti dí láti ìgbà tí wọ́n wà ní jòjòló. Òróòro kò rí ibi gbà, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tilẹ̀ ń mu ọmú.

Báwo ni ìyá yóò ṣe mọ̀? Bí ojú ọmọ bá pọ́n ní ọjọ́ tí a bí i, ẹ má dúró rárá. Bí a bá sì ti sọ ọmọ lórúkọ, tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, tí ojú rẹ̀ ṣì ń pọ́n, tí ìtọ̀ rẹ̀ ń fi àwọ̀ sí aṣọ lára, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì funfun bí ẹfun, ẹ má ṣe sọ pé ibà pọ́njú lásán ni. Ẹ má dúró ti àgbo, ẹ má dúró ti oòrùn òwúrọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, bí irú èyí tí Yunifásítì Ìlọrin ní.

Kí ni ìdí ìkánjú? Dókítà Morio Kasai, ará Japan, ni ó rí ọgbọ́n dá láàárín ọdún 1950 sí 1959 láti so ìfun mọ́ ẹ̀dọ̀, kí òróòro lè rí ọ̀nà mìíràn gbà. Iṣẹ́ abẹ yìí a máa dára jù bí a bá ṣe é kí ọmọ tó pé 60 ọjọ́.

Bí ẹ̀dọ̀ bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, pípààrọ̀ rẹ̀ ni ó kù. Dókítà Thomas Starzl dán an wò ní Denver, ní Amẹ́ríkà, ní 1963, fún ọmọ ọdún 3. Ọmọ náà kò yè é. Ní 1967 ó ṣe é fún ọmọ mìíràn, èyí sì gbé ayé ju ọdún kan lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1989, ní Brisbane ní Australia, wọ́n gé díẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ ìyá kan fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ẹ̀dọ̀ tí a gé a máa dàgbà padà. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ náà wúwo, ọ̀pọ̀ ìdílé wa ni ó sì ti gbé ọmọ dé India nítorí rẹ̀.

Èyí tí ó wà ní ọwọ́ wa kò wọ́n. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ kan wà tí à ń pè ní hepatitis B. Ìyá lè kó o ran ọmọ nígbà ìbí. Nínú ọmọ 10 tí ó bá kó o bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 9 ni kì yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bọ̀rọ̀. Láti 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti wà lára èyí tí ìjọba ń fún ọmọ Nàìjíríà. Kí ọmọ gba àkọ́kọ́ kí wákàtí 24 tó pé lẹ́yìn ìbí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ sọ ọ́ fún àwọn ìyá yín. Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ bá ń pààrọ̀ ìlédìí ọmọ, ẹ wo àwọ̀ ìgbẹ́ rẹ̀. Ojú tí ó tètè rí i lè gba ọmọ là.