Dókítà Tí Ó Ń Lọ sí Àbíjàn

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ó ti pẹ́ tí àwọn ará Èjìgbò ti ń ṣòwò ní Àbíjàn, débi pé a ń gbọ́ èdè Faransé nínú ìlú Èjìgbò fúnra rẹ̀. Àwọn dókítà wa kan wá rò pé ọ̀nà tí oníṣòwò gbà ni àwọn náà yóò gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní 1979 fún wa láyè láti wọ ìlú ara wa fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Àṣẹ ìwọlé nìyẹn, kì í ṣe àṣẹ ìtọ́jú aláìsàn. Orúkọ dókítà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé Ordre National des Médecins ní Côte d'Ivoire kí ó tó ṣiṣẹ́. Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ ìwé aláìsàn níbẹ̀. Àṣìgbọ́ kan ṣoṣo lè pa ènìyàn.

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé ẹ̀rù yóò máa ba ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ láti fẹjọ́ agbanisíṣẹ́ sùn. Bí wọ́n bá san ìdajì owó fún un, yóò gbà á. Ẹ má fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ kí ìwé ìforúkọsílẹ̀ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ sì mú ìwé àdéhùn iṣẹ́ wá fún ẹgbẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.