Ìránṣẹ́ Tí A Lè Fọkàn Tán

Ìbéèrè tí a gbé síwájú wa ni èyí: báwo ni a ṣe ń gbé ètò ìpín-lẹ́tà kalẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ímeèlì tó ń lo Linux? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́ ni, àwọn baba wa sì ti sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ ẹgbẹ́ olùkọ́ kan tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wà káàkiri. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà ní. Bí olùkọ́ kan bá kọ lẹ́tà sí i, ètò náà yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Lórí Linux, èyí tí ọ̀pọ̀ ń lò ni Mailman, ètò ọ̀fẹ́ tí a fi èdè Python kọ. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí, Mailman 3, tó jáde ní ọdún 2015, ni kí ó mú; Mailman 2 rọ̀ mọ́ Python 2, tí àwọn tó ṣe é ti dẹ́kun àtúnṣe rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020.

Òṣìṣẹ́ méjì ló ń pín iṣẹ́ náà ṣe. Èkíní lè jẹ́ Postfix, òun ni aṣọ́bodè: òun ló ń gba lẹ́tà wọlé, òun náà ló ń rán an jáde. Èkejì ni Mailman, òun ni akọ̀wé: òun ló mọ orúkọ, òun ló mọ ẹni tó láṣẹ láti sọ̀rọ̀. Bí a kò bá fi àwọn méjèèjì mọ ara wọn, Postfix yóò dá lẹ́tà ẹgbẹ́ padà pé òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nínú fáìlì main.cf ni a ó ti tọ́ka Postfix sí ìwé àdírẹ́sì tí Mailman ń kọ.

Títí dé ibí, iṣẹ́ náà kò le. Ibi tí ó ti le ni kí àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn gba ìránṣẹ́ wa gbọ́. Orúkọ tó tẹ̀lé àmì @ nínú àdírẹ́sì ni n ó pè ní orúkọ ilé. SPF ni ìkéde tó ń sọ kọ̀ǹpútà tí ó láṣẹ láti rán lẹ́tà fún ilé kan. DKIM ni èdìdì tí a fi lé lẹ́tà. DMARC ni àṣẹ onílé nípa ohun tó yẹ kí a ṣe sí lẹ́tà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí SPF àti DKIM kò jẹ́rìí sí.

Ẹ rántí àrokò ayé àtijọ́. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọra. Bí ìránṣẹ́ bá fi owó ẹyọ méjì kún mẹ́fà lójú ọ̀nà, bí ó tilẹ̀ rò pé ẹwà lòun ń bù kún un, àrokò náà ti yí padà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ètò ìpín-lẹ́tà máa ń ṣe nígbà tí ó bá fi orúkọ ẹgbẹ́ ṣáájú àkọlé, tàbí tí ó fi gbólóhùn kan kún ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Èdìdì DKIM ti já nìyẹn. SPF kò sì lè gbà á sílẹ̀, nítorí kì í ṣe kọ̀ǹpútà ilé òǹkọ̀wé ló ń rán an mọ́.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, Yahoo kéde nínú DMARC rẹ̀ pé kí gbogbo ayé kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó ń lo Yahoo bá kọ̀wé sí ẹgbẹ́, àwọn ilé mìíràn, bí Gmail, a dá ẹ̀dà tiwọn padà. Mailman sì ń ka lẹ́tà tó padà sí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí lọ́rùn: bí àmì rẹ̀ bá pé 5, yóò dá lẹ́tà rẹ̀ dúró, bí kò bá sì fèsì sí ìkìlọ̀, yóò yọ orúkọ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí kò jẹ gbì kì í kú gbì. Nínú ọ̀ràn yìí, ẹni tí kò jẹ ló kú.

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni kí a má fọwọ́ kan lẹ́tà rárá. Èkejì ni kí Mailman fi àdírẹ́sì ẹgbẹ́ rọ́pò ti òǹkọ̀wé, kí a sì fi èdìdì ilé tiwa lé e. Àwọn kan ní kí a fi èkejì bá gbogbo lẹ́tà lò, kí ọkàn lè balẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ìwé àdírẹ́sì ẹlòmíràn lè tọ́jú àdírẹ́sì ẹgbẹ́ sábẹ́ orúkọ olùkọ́ yẹn, kí ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fẹ́ bá a sọ lọ́jọ́ iwájú sì bọ́ sí etí gbogbo ènìyàn. Ẹ lo èkíní fún gbogbo lẹ́tà. Kí ẹ sì yàn nínú Mailman pé kí èkejì kan lẹ́tà tó bá ti ilé tí àṣẹ DMARC rẹ̀ le wá nìkan.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda. Kí Mailman kọ́kọ́ kọ̀wé sí ẹni tí a fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì dúró de ìdáhùn rẹ̀. Kí ọ̀nà ìjáde sì rọrùn bí ọ̀nà ìwọlé, nítorí ẹni tí kò rí ọ̀nà jáde yóò fẹ̀sùn kàn wá pé a ń fi lẹ́tà yọ òun lẹ́nu. Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Google ti ń béèrè SPF, DKIM àti DMARC lọ́wọ́ ẹni tó bá ń rán lẹ́tà 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí Gmail lóòjọ́. Iye yẹn kò jìnnà: ẹgbẹ́ tó ní ènìyàn 600 lórí Gmail, bí lẹ́tà 10 bá wọlé lóòjọ́, ẹ̀dà 6,000 ló jáde.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ẹgbẹ́, ẹ fi àdírẹ́sì mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dán an wò, kí ẹ sì ka àkọsílẹ̀ Postfix láti mọ èyí tó dé àti èyí tó padà. Ohun tí a bá pa láṣẹ fún kọ̀ǹpútà ni yóò ṣe. Àwa tí a ń pàṣẹ ló yẹ kí a rí i pé ọ̀rọ̀ ẹni tó rán wa níṣẹ́ dé láìdín, láìlé, àti pé a kò fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn jẹ ẹni tí a rán wa sí níyà.