Ohùn Òǹkọ̀wé àti Bí A Ti Ń Dá A Mọ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)



Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ rán mi ni pé kí n sọ bí a ti ń mọ ohùn òǹkọ̀wé. Kì í ṣe àmì ohùn tí àwọn olùkọ́ fi ń yọ wá lẹ́nu ni mo ń wí o. Ọkàn tí ẹni náà fi kọ̀wé ni: ṣé ìbínú ni, àbí ẹ̀fẹ̀, àbí àánú? Ìwé kò ní ojú tí a lè wò. Bí bàbá kan bá kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pé, “O ṣeun, a rí owó tí o fi ránṣẹ́,” ọpẹ́ ni bí ọmọ náà bá fi owó ránṣẹ́ lóòótọ́. Bí kò bá fi nǹkan kan ránṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta, ìbáwí kíkorò ni.

Ìtàn Ṣẹ́gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. I. B. Thomas tẹ̀ ẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, láti 1929 dé 1930, bí ẹni pé lẹ́tà obìnrin kan tí àìsàn dè mọ́lẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́.

Ẹni tí ó bá wo kókó ọ̀rọ̀ nìkan yóò ní ìrònúpìwàdà ni. Lóòótọ́, obìnrin náà ń sunkún, ó sì ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tí ó ti ń pẹ́. Bí ó bá dé orí ẹwà rẹ̀ àtijọ́, fàájì Èkó, orin ìgbà náà, àti ọgbọ́n tí ó fi ń tan ọkùnrin, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Omijé wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín kò sì tíì kúrò ní ètè rẹ̀. Ohùn méjì ni ó wà níbẹ̀, ìkábàámọ̀ àti ìgbádùn, èyí kò sì pa èyí. Àwọn kan ní kí a má fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ han ọmọdébìnrin. Èmi kò gbà. Kí a kọ́ wọn láti gbọ́ ohùn méjèèjì ni ó yẹ.

Fágúnwà, nínú Ògbójú Ọdẹ ti 1938, ń gbani níyànjú, ó sì ń pani lẹ́rìn-ín. Èyí kò ṣòro láti gbọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ ni ti àwọn ọmọ tí ń ka lẹ́tà, tàbí ọ̀rọ̀ orí fóònù, sí àwọn àgbà létí. Ọmọ tí ó bá fi ohùn líle ka ẹ̀bẹ̀ lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ilé àti ìdálẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ fi ojú kà á tán, kí ó tó la ẹnu.