Ìjà Fóònù Kì í Ṣe Ìjà Tiwa

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè pa yín lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹgbẹ́ wa méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà nídìí oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀kan ní ẹni tí kò bá ní iPhone kò tíì di èèyàn. Èkejì ní Samsung lòun mọ̀, pé orí ẹni tó ra iPhone kò pé. Awakọ̀ kan ní Tecno ló tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tó ni Infinix tún dá sí i, ó ní fóònù òtòṣì ni Tecno. Títí di òní, àwọn méjì àkọ́kọ́ kò kí ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ni à ń gbèjà? Tecno àti Infinix, ilé-iṣẹ́ kan náà ló ni wọ́n, Transsion ti ìlú Shenzhen ní Ṣáínà. Ẹni tó ń fi Infinix bú Tecno, ọ̀gá kan ṣoṣo ló ń pa owó fún. Apple àti Samsung ńkọ́? Ní 2011 ni Apple pe Samsung lẹ́jọ́. 2018 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Síbẹ̀, ní 2017, tí ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀, ọwọ́ Samsung ni Apple ti ń ra ojú iPhone X. Àwọn ọ̀gá jà ní kóòtù, wọ́n tún jọ ń tajà. Àwa ni ìjà kù sí lọ́wọ́.

Àwọn tó ń ṣe fóònù náà ló yẹ kí a gbèjà. Ní oṣù Kọkànlá 2022, àwọn òṣìṣẹ́ Foxconn ní Zhengzhou, níbi tí wọ́n ti ń to iPhone, fi ẹ̀hónú hàn nítorí owó tí wọ́n ṣèlérí fún wọn. Ní 2024, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Samsung Electronics ní Kòréà daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù. Láti 1969 tí wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń jà fún ni àwa náà ń jà fún.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan yá owó alájẹṣẹ́kù, ó fi ra fóònù kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, kò rí owó ọmọ san.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó bá àwọn ọ̀gá jókòó lórí owó ófátáìmù. Ní ìpàdé tó kọjá, àwa tí a wá kò kún bẹ́ǹṣì mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nídìí ìjà fóònù, gbogbo wa la pé.

Ẹ ra fóònù tí agbára yín ká, kí ẹ sì fi pe ẹni tí kì í wá ìpàdé. Ìjà kò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Ẹ̀yin méjèèjì tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹ bọ ara yín lọ́wọ́ kí a tó jáde. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.